Ọjọ́ méje nínú ọgbà òkun Exuma pẹ̀lú ọkọ̀ onígbòkun: níbo ni kí a wà bí afẹ́fẹ́ bá yí?

Adéoyè_Fúlọ́rídà (8 Ṣẹ́rẹ́, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 11 tí èkejì sì jẹ́ ọmọ ọdún 8, àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ti háyà ọkọ̀ onígbòkun kan ní Nassau, olú ìlú Bahamas, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú oṣù Èrèlé. A fẹ́ lo ọjọ́ méje nínú rẹ̀ ní Exuma Cays Land and Sea Park, ọgbà òkun tí Bahamas National Trust ń bójú tó. Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, ìdí rẹ̀ sì rì sínú omi ní ẹsẹ̀ bàtà 6.

Mo ti ń tukọ̀ ní Biscayne Bay láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo sì ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ibi tí àmì ojú ọ̀nà pọ̀ sí ni gbogbo ìrírí mi. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ kò fẹnu kò. Ẹnì kan ní kí n so ọkọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn aláṣẹ ọgbà gbé sórí omi, kí n má sì kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n máa ju ìdákọ̀ró sí ibi tí ó bá wù mí. Gbogbo wọn ni wọ́n ń dárúkọ afẹ́fẹ́ àríwá, kò sì sí ẹni tí ó ṣàlàyé ohun tí mo máa ṣe gan-an ní ọjọ́ tí ó bá dé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní tirẹ̀ ti ra okùn àti ìwọ̀, ó ní ìtìjú ni kí ènìyàn máa ra ẹja nígbà tí ó wà lójú òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌyáTáyélolú (8 Ṣẹ́rẹ́, 9:05 àárọ̀)

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, bọ̀dá Adéoyè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi àti ọkọ mi ti lọ síbẹ̀ láti Houston, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn sì jẹ́ pẹ̀lú àwọn ìbejì wa nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lọ tààrà sí Warderick Wells, níbi tí ọ́fíìsì ọgbà wà, kí ẹ gba bọ́ọ̀lù kan ní ìhà àríwá erékùṣù náà, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán. Omi jíjìn ibẹ̀ tẹ̀ bí ìrísí pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin láàárín òkìtì iyanrìn tí omi kò bò tán nígbà tí ó bá fà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì to àwọn bọ́ọ̀lù náà tẹ̀léra nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní gbàgbé àwọ̀ omi náà láéláé.

Ibẹ̀ kò ní sú àwọn ọmọ yín. Egungun àbùùbùtán ńlá kan wà létí omi lẹ́bàá ọ́fíìsì, tí wọ́n tò padà bí ó ṣe wà nígbà ayé rẹ̀. Àwọn tèmi dúró ti orí rẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kúrò. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà tí ó gòkè lọ sí Boo Boo Hill, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ojú omi máa ń fi pákó tí òkun gbé wá, tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ wọn sí, sílẹ̀. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹranko kékeré kan tí ó jọ òkété, tí wọ́n ń pè ní hutia, máa ń jáde láti inú igbó. Ẹ má fún un ní oúnjẹ.

Kọ́lá_Ọlọ́kọ̀ (8 Ṣẹ́rẹ́, 12:31 ọ̀sán)

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù dẹ́rù bà yín. Ọ̀fẹ́ ni ìdákọ̀ró, ibi iyanrìn sì pọ̀ jákèjádò. Ní ti ẹja, ẹ kàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn jáde sí Exuma Sound, níbi tí omi ti jìn, ẹ fa okùn sẹ́yìn ọkọ̀ fún wákàtí kan, ẹ ó sì jẹ ẹja tútù ní alẹ́. Ẹ̀yìn ọgbà ni ibẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tí yóò bi yín ní ohunkóhun. Ìgbín òkun náà wà nílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ níbi tí omi kò jìn, ọmọdé lè ṣà á.

Òṣìṣẹ́Ẹja (8 Ṣẹ́rẹ́, 2:18 ọ̀sán)

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ yìí lè mú kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ẹni tí ó háyà rẹ̀. Ìmọ̀ nípa ẹja ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun, nítorí náà ẹ fàyè gbà mí kí n sọ ọ́ ní kíkún.

Ọdún 1958 ni wọ́n ya ibẹ̀ sọ́tọ̀, ilẹ̀ àti omi papọ̀, èyí tí kò wọ́pọ̀ rárá nígbà náà. Láti ọdún 1986 ni òfin sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, ì báà ṣe ẹja, alákàṣà, ìgbín òkun, iyùn, tàbí ìkarahun tí kò ní nǹkan nínú mọ́. Ọgbà náà gùn tó máìlì 22, láti Wax Cay Cut ní àríwá títí dé Conch Cut ní gúúsù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kò parí sí etí erékùṣù: ó nà jáde ní máìlì òkun mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sí orí omi tí kò jìn ní ìwọ̀-oòrùn àti sínú Exuma Sound ní ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó bá jáde sí Sound, tí ó ju okùn sẹ́yìn lẹ́yìn ìdajì wákàtí, inú ọgbà ni ó ti ń dẹdò.

Ìgbín òkun tí àwọn ará Bahamas ń pè ní kọ́ǹkì kì í yára dàgbà. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí ó tó lè bímọ, àmì tí a sì fi ń mọ̀ ni pé ètè ìkarahun rẹ̀ á tẹ́ síta, á sì nípọn. Bí iye wọn bá dín kù jù ní ibì kan, akọ àti abo kì í ríra wọn mọ́, wọn a sì dáwọ́ bíbí dúró láìjẹ́ pé ẹnì kan pa èyí tí ó kù. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí èyí tí ó wà nínú ọgbà ń bí máa ń bá ìṣàn omi lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó jókòó sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń jókòó sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí àwọn apẹja ìlú ti ń rí wọn mú. Ọmọ tí ẹ bá jẹ́ kí ó ṣà á nítorí pé ó wà lọ rẹpẹtẹ, orísun ni ó ń bù mu.

Nǹkan kan tún wà. Oṣù Èrèlé ni ẹ ń lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ títí dé òpin oṣù Èrèlé, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ẹja Nassau grouper ní gbogbo Bahamas, kì í ṣe nínú ọgbà nìkan, nítorí pé àsìkò náà ni wọ́n ń péjọ láti yé ẹyin. Kí ẹ̀gbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún òun ní ẹ̀bá ọ̀nà.

ÌyáTáyélolú (8 Ṣẹ́rẹ́, 3:02 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mo tún fẹ́ fi kún un pé ìdákọ̀ró kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí bọ̀dá Kọ́lá lọ, ṣùgbọ́n ní báyìí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ju ìdákọ̀ró nínú ọgbà pẹ̀lú, gígùn ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún bọ́ọ̀lù. Iye owó náà máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wò ó lórí ìkànnì àwọn aláṣẹ ọgbà fúnra wọn, kì í ṣe nínú ìwé tí ẹnì kan tẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ ni ó ń ṣọ́ omi tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, owó yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra epo ọkọ̀ wọn.

Kọ́lá_Ọlọ́kọ̀ (8 Ṣẹ́rẹ́, 5:47 ìrọ̀lẹ́)

Ó dára, mo gba ti ààlà ọgbà àti ti owó. Ọdún 2009 ni mo lọ. Ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí pé jíjókòó ní ojú kan fún ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ ìfowóṣòfò. Shroud Cay dára ju Warderick Wells lọ fún àwọn ọmọdé. Àwọn odò kékeré la àárín rẹ̀ kọjá láàárín igi ẹ̀gbà, ẹ ó wọ ọkọ̀ kékeré onírọ́bà láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó sì yọ sí etíkun iyanrìn tí ó kọjú sí Sound ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìjàpá òkun ń kọjá lábẹ́ yín bí ẹ ṣe ń lọ. Mo ti dàgbà ní Mákòókò, mo mọ ohun tí igi ẹ̀gbà jẹ́, síbẹ̀ ẹnu yà mí bí omi abẹ́ wọn ṣe mọ́.

Atukọ̀Àgbà (8 Ṣẹ́rẹ́, 9:26 alẹ́)

Àbúrò mi Adéoyè, mo ti pé ọmọ ọdún 71, mo sì lo ọdún 30 nínú ọkọ̀ akẹ́rù kí n tó fẹ̀yìn tì sí Miami, níbi tí mo ti ra ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan. Ìgbà mẹ́jọ ni mo ti lọ sí Exuma. Gbogbo àwọn tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ni ó sọ òótọ́ nípa ibi tí wọ́n fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ dá lórí afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni màá sì dúró sí.

Ní ọjọ́ tí ohun gbogbo bá wà bí ó ṣe yẹ, ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ní àgbègbè yẹn. Àwọn erékùṣù tò láti àríwá sí gúúsù bí ògiri tí wọ́n fi òkúta ṣe, wọ́n sì ń gba ìgbì Exuma Sound dúró, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn wọn máa ń pa rọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń so ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ní àsìkò òtútù Amẹ́ríkà, láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé oṣù Ẹ̀rẹ́nà, afẹ́fẹ́ tútù máa ń sọ̀kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ wọn wá, nígbà mìíràn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kí ó tó dé, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ yí sí gúúsù, á rọlẹ̀, oòrùn á mú, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì sọ pé ojú ọjọ́ ti dára. Lẹ́yìn náà ni yóò yí sí ìwọ̀-oòrùn, yóò yí sí àríwá, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, yóò sì máa le sí i. Ní ìwọ̀-oòrùn àwọn erékùṣù yẹn kò sí ilẹ̀ kankan nítòsí tí yóò dá ìgbì dúró, omi tí kò jìn ni ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Ògiri tí o fara tì lánàá ti di ohun tí afẹ́fẹ́ ń tì ọ́ lù.

Shroud Cay tí Kọ́lá fẹ́ràn, ó ṣí sílẹ̀ gbangba sí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Bákan náà ni àwọn bọ́ọ̀lù Emerald Rock ní Warderick Wells. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo bọ́ọ̀lù Warderick Wells ni ó láàbò nítorí orúkọ erékùṣù náà. Ìhà àríwá tí ÌyáTáyélolú dárúkọ láàbò gan-an, nítorí pé òkìtì iyanrìn yí i ká. Cambridge Cay, ní ìsàlẹ̀ ọgbà, láàbò jù ú lọ ní ojú tèmi, èrò ibẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, ojú ni ìwọ yóò fi tukọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe máàpù inú fóònù. Àwọ̀ búlúù tí ó dúdú ni omi jíjìn. Bí ó bá ti ń di àwọ̀ ewé tí ó ń tàn, iyanrìn ni ó wà nísàlẹ̀, omi sì ń dín kù. Bí ó bá funfun, yà kúrò. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa rúsúrúsú ni òkúta iyùn, má ṣe súnmọ́ ọn. Koríko inú òkun náà máa ń dúdú, ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í mú ṣáṣá. O kò lè rí gbogbo èyí àfi bí oòrùn bá wà lókè tàbí lẹ́yìn rẹ. Láti ìwọ̀-oòrùn ni o máa fi ń wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ìdákọ̀sí níbẹ̀, nítorí náà lẹ́yìn ọ̀sán ni kí o máa dé, má ṣe dé ní òwúrọ̀ nígbà tí oòrùn ń mú ọ lójú. Láti Nassau lọ sí Highborne Cay jẹ́ nǹkan bíi máìlì òkun 35, o ó sì kọjá lórí Yellow Bank tí òkúta iyùn fọ́n ká sí. Gbéra ní àárọ̀ kí ó lè jẹ́ ọ̀sán gangan ni o máa wà lórí rẹ̀, kí ẹnì kan tí ó wọ awò dúdú sì dúró ní iwájú ọkọ̀.

Ìkẹta ni àwọn ojú ọ̀nà omi láàárín erékùṣù kan sí èkejì, tí wọ́n ń pè ní cut. Nígbà tí omi bá ń fà, gbogbo omi orí Bank, ìyẹn ibi tí omi kò jìn ní ìwọ̀-oòrùn, ni yóò máa gba ibẹ̀ tú sínú Sound. Bí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn bá dojú kọ ọ́, omi á dìde dúró bí ògiri, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní rage. Fún ọjọ́ méje, kò sí ìdí tí o fi gbọ́dọ̀ jáde sí Sound rárá.

Adéoyè_Fúlọ́rídà (9 Ṣẹ́rẹ́, 6:55 àárọ̀)

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, bàbá. Mo ka èyí fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ó ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹja fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé bọ́ọ̀lù wọ̀nyí ṣeé gbára lé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le? Níbo ni a ó sì ti rí omi mímu, epo àti oúnjẹ? Àwọn ọmọ náà ń béèrè àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí ń lúwẹ̀ẹ́.

Àbẹ̀ní_Nassau (9 Ṣẹ́rẹ́, 8:10 àárọ̀)

Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa o. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí, ó ti di ọdún mọ́kànlá. Nínú ọgbà yẹn, kò sí omi mímu, kò sí epo, kò sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, wọn kì í sì í gba ìdọ̀tí lọ́wọ́ yín. Ohun gbogbo tí ẹ bá gbé wọlé ni ẹ ó gbé jáde, títí kan èèpo ọsàn. Nítorí náà kí ẹ ra gbogbo ohun tí ẹ nílò ní Nassau, kí ẹ tú páálí àti ọ̀rá kúrò lára wọn kí ẹ tó gbé wọn wọ ọkọ̀, kí ẹ sì kún táńkì omi dé ẹnu. Highborne Cay wà ní àríwá ọgbà, Staniel Cay wà ní gúúsù rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní epo, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ náà, ẹ má tú u sínú omi ọgbà, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ alẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí yín.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wà ní Big Major Cay lẹ́bàá Staniel Cay, ẹ̀yìn ọgbà ni. Èmi kò fẹ́ràn bí àwọn àlejò ṣe ń fi búrẹ́dì kún wọn nínú, ṣùgbọ́n n kò lè ní kí ẹ má lọ.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan ní Nassau, ẹ lọ sí Fox Hill. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbí. Nango ni wọ́n ń pè wọ́n, Nango Town sì jẹ́ apá kan Fox Hill. Títí di òní, owó tí àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ mi ń dá jọ tí wọ́n ń kó fún ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, asue ni wọ́n ń pè é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dá èésú rí kò nílò ògbufọ̀.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ (9 Ṣẹ́rẹ́, 1:44 ọ̀sán)

Ní ti bọ́ọ̀lù, mo máa ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bọ́ọ̀lù dára jù ìdákọ̀ró lọ fún ilẹ̀ òkun, nítorí pé ṣéènì ìdákọ̀ró máa ń fá koríko, a sì máa fọ́ iyùn bí ọkọ̀ bá ti ń yí. Ṣùgbọ́n okùn ni okùn ń jẹ́. Bí ẹ bá ti so ọkọ̀ tán, kí ẹnì kan wọ awò omi, kí ó wọ inú omi lọ wo okùn bọ́ọ̀lù náà láti òkè dé ibi tí a ti so ó mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá ti ń fọ́, ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ lórí rédíò VHF, ìkànnì 09, kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Ẹ má fi okùn bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ́ ara ọkọ̀. Okùn tiyín ni kí ẹ ki bọ inú ojú rẹ̀, méjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì.

Ìdákọ̀ró tiyín náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gba ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ fún mi ní ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 42 pẹ̀lú ìdákọ̀ró tí ó tó ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 30, ìparí ṣéènì rẹ̀ kò sì so mọ́ ohunkóhun nínú ọkọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ yọjú wo inú àpótí ṣéènì yẹn. Ẹ ka ṣéènì náà lójú àwọn tí ó háyà ọkọ̀ fún yín, ẹ dá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré, kí ẹ sì tan rédíò.

ÌyáTáyélolú (9 Ṣẹ́rẹ́, 4:20 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá Atukọ̀Àgbà, ẹ má bínú o, n kò gbà pé Cambridge Cay ni kí ẹni tí ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ sá lọ. Iyanrìn wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ènìyàn sì ní láti yí gba ibi tóóró kan kí ó tó dé ibi bọ́ọ̀lù. Ọkọ mi tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tú òógùn níbẹ̀. Ní Warderick Wells, ọ́fíìsì wà nítòsí, ẹ̀ṣọ́ wà, ẹ lè béèrè ọ̀rọ̀.

Atukọ̀Àgbà (9 Ṣẹ́rẹ́, 8:15 alẹ́)

Òótọ́ ni, ìyàwó wa. Mo gbàgbé pé ìgbà mẹ́jọ ni ojú mi fi mọ ọ̀nà yẹn. Adéoyè, Warderick Wells ni kí o sá sí. Ṣùgbọ́n mọ èyí nípa ibẹ̀: ìṣàn omi inú ọ̀nà yẹn lágbára, òun ni ọkọ̀ sì ń kọjú sí, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ta kora, ọkọ̀ rẹ á máa lọ á máa bọ̀, bọ́ọ̀lù á máa lu ìhà rẹ̀ ní òru. Kò ṣe nǹkan kan, kí ìyàwó rẹ má ṣe jí ọ nítorí rẹ̀. Kí àwọn ọmọ má sì lúwẹ̀ẹ́ jìnnà sí ọkọ̀ àfi nígbà tí omi bá dúró.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o gba bọ́ọ̀lù rẹ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú afẹ́fẹ́ tútù náà, nítorí gbogbo ọkọ̀ tí ó wà ní Shroud Cay àti Hawksbill Cay ni yóò ní èrò kan náà ní òwúrọ̀ kan náà. Bí nẹ́tíwọọ̀kì fóònù kò bá sí, máa bi ọkọ̀ tí ó wà nítòsí rẹ ohun tí wọ́n gbọ́.

Adéoyè_Fúlọ́rídà (27 Èrèlé, 7:12 alẹ́)

A ti padà dé, àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Mo ní kí n wá jíṣẹ́ fún yín, nítorí àwọn tí yóò tún béèrè.

A sùn ní Highborne Cay ní alẹ́ àkọ́kọ́, a lo alẹ́ kan péré ní Shroud Cay. Mo fẹ́ dúró sí i níbẹ̀, àwọn ọmọ náà bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti yí sí gúúsù, ó ti rọlẹ̀ bí bàbá ṣe wí, ọkọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì sọ pé afẹ́fẹ́ tútù ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù bà mí pé bọ́ọ̀lù á tán, ni mo bá gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àṣìṣe mi nìyẹn. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí mo dé ẹnu ọ̀nà Warderick Wells, oòrùn wà níwájú mi gan-an, gbogbo omi sì funfun bí àwo, n kò lè yà jíjìn kúrò lára àìjìn. Dípò kí n dúró síta títí ọ̀sán, mo tẹ̀ síwájú, ọkọ̀ sì rọra jókòó sórí iyanrìn. Omi ń kún lọ́wọ́, ó gbé wa dìde lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan wá wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni ìkejì lọ́sẹ̀ yẹn.

A rí bọ́ọ̀lù gbà. Mo wọ inú omi lọ wo okùn rẹ̀ bí ỌmọAlágbẹ̀dẹ ṣe ní kí n ṣe, ó dára. Afẹ́fẹ́ náà dé lóru, ó fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn títí di òwúrọ̀, kí ó tó yí sí àríwá, ó sì le fún ọjọ́ méjì. Bọ́ọ̀lù lu ìhà ọkọ̀ ní alẹ́ méjèèjì. Ìyàwó mi jí mi, ó sì tún jí mi. Ní ọ̀sán, a gòkè lọ sí Boo Boo Hill, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fìlà lórí ọmọ mi kékeré.

A kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò ju ìwọ̀ sínú omi rárá, àmọ́ ní Potter's Cay, lábẹ́ afárá Nassau, ó ra ìgbín òkun tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata gígé pò ní tútù, ó jẹ abọ́ mẹ́ta, kò sì dárúkọ ìtìjú.

Òṣìṣẹ́Ẹja (27 Èrèlé, 8:03 alẹ́)

Ẹ kú àbọ̀ o. Ibi tí ọkọ̀ jókòó sí yẹn, ṣé iyanrìn ni lóòótọ́, àbí koríko wà níbẹ̀?

Adéoyè_Fúlọ́rídà (27 Èrèlé, 8:10 alẹ́)

Iyanrìn funfun ni, ọ̀gá, kò sí koríko kankan lórí rẹ̀. Bí a ṣe ń dúró de omi, mo wọlé lọ wò ó yíká, ihò tí ìdí ọkọ̀ gbẹ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ ní gígùn.